Yẹ̀rì Ọparun

Òtútù ń mú létí odò Pádìmà.
Ìkùukùu bo oko ìrẹsì
bí aṣọ ìbora tí ẹnìkan gbàgbé síta.
Igbà ń bẹ léjìká mi, ọ̀bẹ wà nínú ìgbànú,
mo ń gun igi dàbínù kẹtàlá.

Bàbá mi gùn ún. Bàbá rẹ̀ gùn ún.
Oje tí à ń gbà lára rẹ̀ kì í ṣe ọtí;
ilẹ̀ kì í mọ́ bá a lórí igi,
tí oòrùn bá ti kàn án, ó kan nìyẹn.
Àwọn ọmọ a dúró sídìí igi pẹ̀lú ife,
èéfín á máa jáde lẹ́nu wọn,
wọn á mu ún ní tútù,
wọn á fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu.
Ràkíbù wà lára wọn, ọmọ àbúrò mi,
tòun ti ife ike aláwọ̀ ewé tí etí rẹ̀ ti kán.

Ní ìjọ́ kẹjọ, ibà.
Ní ìjọ́ kẹwàá, kò mọ orúkọ ìyá rẹ̀ mọ́.
Ìyá ń fi ìborùn nu itọ́ lẹ́nu rẹ̀,
òun náà tẹ̀lé e kí oṣù tó lé.
A ní èpè ni.
A fẹ́rẹ̀ẹ́ dáná sunlé ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Dókítà ẹran kan dé láti Farídípùrù,
Ṣéfálì lorúkọ rẹ̀, ẹrẹ̀ kún bàtà rẹ̀.
Kò bi mí léèrè ẹni tí mo ṣẹ̀.
Ó ní: ta ló ń bá ọ mu nínú ìkòkò yìí lóru?
Mo rẹ́rìn-ín.
Ó so ẹ̀rọ ayàwòrán kékeré mọ́ igi.
Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó fi hàn mí:

àdán.
Àdán tí ń dorí kodò wòṣe ẹyẹ,
kò wòṣe ẹnikẹ́ni lóru ọjọ́ yẹn.
Ó gbá igi mọ́ra bí ọmọ ṣe ń gbá ìyá mọ́ra,
ó lá oje náà, ó tọ̀, ó tún lá.
Ojú rẹ̀ ń dán bí ojú ẹni tí kò jalè.

Àwọn ọ̀dọ́ gbé àdá: ká gé igi tí wọ́n ń sùn sí!
Ṣéfálì ní, bẹ́ ẹ bá lé wọn níbí,
abúlé kejì ni wọn yóò gbé e lọ.
Ohun tó wà lára wọn kì í pa wọ́n;
ẹni tó ń bá wọn pín ife ni kó ṣọ́ra.

Ni mo bá lọ gé ọparun.
Mo là á, mo fá a, ó ya mí lọ́wọ́,
mo hun ún bí ẹní,
mo ró o fún igi lójú ọgbẹ́ rẹ̀,
yẹ̀rì fún arúgbó tí kò tọrọ aṣọ.
Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí. Ìjì ya méjì.
Hájì Mọ́ṣáráfù ní òun kò ní mu èyí tí a sè,
ẹni àádọ́rin ọdún, kí lẹ tún fẹ́ fi dẹ́rù ba òun?
N kò tà fún un ní tútù. Kò kí mi mọ́.
Ìyókù, inú agbada ni à ń sè é sí títí yóò fi pọ́n.
Kò dùn tó ti tútù. N ò ní purọ́.

Lóru àná mo jókòó sábẹ́ igi.
Ó wá. Mo gbọ́ apá rẹ̀ bí ìgbà tí a gbọn aṣọ tútù.
Ó fi imú wá ọ̀nà lára ọparun, lókè, nísàlẹ̀,
ó sinmi díẹ̀,
ó lọ.
Máa lọ, mo ní, n kò bá ọ jà.

Ife ewé yẹn ṣì wà lórí pẹpẹ.
N kò fi mu nǹkan, n kò sì tíì sọ ọ́ nù.

Igi kẹrìnlá ṣì wà níhòòhò.
Ọparun ti tán lẹ́yìnkùlé mi.
Tílẹ̀ bá mọ́, màá lọ tọrọ lọ́dọ̀ Hájì.